Orin Sí Ògiri

Lánàá, wọ́n tan tùràrí ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Trade Fair, òórùn rẹ̀ sì gbé mi padà sí ọ̀sán kan ní Festac. Màmá Ánílì, ìyàwó tíṣà ará Íńdíà tó ń gbé lókè wa, ń ya irun mi. Èéfín tùràrí rẹ̀ ń rọra gòkè bí òwú, ó sì ń sọ ìtàn tẹ́ńpìlì ìlú wọn fún mi.

Ó ní wọn ò jẹ́ kí ọkùnrin kan wọlé, torí ìdílé tó ti wá. Ló bá lọ sẹ́yìn tẹ́ńpìlì, ó ń kọrin sí ògiri. Ògiri là, òrìṣà tó kọjú sẹ́nu ọ̀nà sì yí padà, ó ń wò ó láti ojú ihò náà.

"Ṣé òrìṣà náà ṣì ń wo ẹ̀yìn?" mo bi í.

"Títí dòní."

Nígbà náà, ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí Dádì mi ti dùbúlẹ̀, tó kọjú sí ògiri. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan là ń rí láti ẹnu ọ̀nà. Mo sọ̀kalẹ̀, mo gba ẹ̀yìn ilé lọ, mo gun búlọ́ọ̀kù lábẹ́ wíńdò rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin iléèwé wa. Ó tán, mo tún un bẹ̀rẹ̀.

Gíláàsì wíńdò ṣí díẹ̀. Ojú Dádì pọ́n, ó sì tutù fún omijé. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé wọ́n ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́.

"Ta lò ń kọrin fún?"

"Ẹ̀yin ni, Dádì. Mo fẹ́ kí ògiri là ni."

Ó wò mí pẹ́, ó wá gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé etí wíńdò.

"Tún un kọ."