Ta Ni Yóò Gbé Àbúrò Mi Sókè?

Kí n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ijó báléè, mo máa ń bèèrè ta ló ń jó. Wọn kì í dá mi lóhùn. Obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì nínú ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì ní Ìyànà Ìyẹsí á ní, "Orúkọ ò tíì jáde, ṣáà rà á." Orúkọ ò ní jáde títí o ó fi jókòó, tí wọ́n á fi pa iná gbọ̀ngàn. Ìgbà yẹn lo máa tó rí i pé ẹni tí o torí ẹ̀ wá kọ́ ló wà lórí ìtàgé. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbà lọ́kàn mi pé wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Lódà ni mí, àpò ẹrù ni mò ń gbé sọ́kọ̀, ní iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá ní Sàngó. Ìwé mi ò pọ̀. Àbúrò mi obìnrin ló mú mi mọ báléè, ijó tí wọ́n ń fi ṣóńṣó ìka ẹsẹ̀ jó yẹn. Ó ń kọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìtẹ̀lé, ládùúgbò wa, ìyá wa sì ní kí n máa lọ mú un wálé. Mo kọ́kọ́ ń dúró síta, mo ń yọjú lójú wíńdò. Nígbà tó yá mo wọlé jókòó. Nísinsìnyí, tí wọ́n bá ń jó báléè níbì kan láti Ọ̀tà dé Èkó, tí ṣíìfù mi bá gbà mí láyè, ẹ ó bá mi níbẹ̀. Ní iléeṣẹ́, Ọkọ Báléè ni wọ́n ń pè mí.

N kì í jókòó níwájú. Ìtàgé gbọ̀ngàn tí àbúrò mi àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń lò ga jù. Tó o bá wà níwájú, orí àti àyà oníjó lo máa rí, o ò ní rí ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀gbẹ́ ògiri, láàárín gbọ̀ngàn, ni ibi tèmi. Ìlà iwájú yẹn tún máa ń bí mi nínú nítorí ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn àga, pé ẹnì kan ti ni ín. Ta ni? Àwọn ẹni ńlá tí wọn kì í wá, tàbí tí wọ́n á dé nígbà tí ijó ti fẹ́ parí, tí wọ́n á wá máa ya fọ́tò ara wọn.

Ti bí wọ́n ṣe ń yan oníjó ló burú jù. Mo ti rí ọmọ tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n tò ó sí. Mo ti rí èyí tí gbogbo ara ẹ̀ ń gbọ̀n, òun ni wọ́n fi síwájú. "Ó mọ ẹnì kan níbẹ̀ ni." Ọ̀rọ̀ mi nìyẹn lójoojúmọ́. Àbúrò mi á ní, "Bọ̀dá, ẹ̀yin náà! Ṣé kò sí ohun tí ẹ kì í fura sí ni?"

Nígbà tó kan òun fúnra ẹ̀, mo tún fura. Àǹtí tó ń kọ́ wọn ṣe ijó tuntun kan: ìyẹ́ já bọ́ lára ẹyẹ, afẹ́fẹ́ ń gbé e, kò fẹ́ kó kanlẹ̀. Wọ́n á jó o lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á tún un jó lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Àbúrò mi ni wọ́n yàn pé kó jẹ́ Ìyẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣe wíńdò àlùmíníọ̀mù ni yóò jẹ́ Afẹ́fẹ́. Àbúrò mi sáré wálé wá sọ fún mi. Mo ní, "Kí ni wọ́n máa wá gbà lọ́wọ́ wa?"

"Ẹ ò tiẹ̀ lè kàn bá mi yọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Kí n lè tún un ṣe ni mo fi lọ síbi ìdánrawò wọn, mo fi fóònù ká wọn sílẹ̀, mo gbé e lọ fún ìyá wa. Òwú àti bọ́tìnnì ni wọ́n ń tà fún àwọn télọ̀, wọ́n sì ń ṣa bọ́tìnnì nílé lọ́jọ́ náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tí ọmọ wọn dìde lórí ìka ẹsẹ̀. Nígbà tó fò, tí ọ̀dọ́kùnrin yẹn fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró.

"Ọwọ́ ta nìyẹn?"

"Ọwọ́ ẹni tó ń gbé e ni, Màámi."

"Níbàdí?"

"Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé e. Ijó ni."

"Àsítàgfírúlàhì! Ta ló so yìgì fún wọn tí mi ò gbọ́?"

Wọ́n da fóònù padà fún mi. Wọ́n ní ọmọ àwọn lè jó títí ilẹ̀ á fi ṣú, ṣùgbọ́n kò sí ọkùnrin òde kan tó máa di ìbàdí ẹ̀ mú lójú gbogbo ayé. Àbúrò mi gbọ́ ọ, oúnjẹ ẹ̀ tutù síbẹ̀. Tí kò bá sí ẹni tó máa gbé e, wọ́n á fi ẹlòmíì ṣe Ìyẹ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àǹtí wá bẹ ìyá wa. Ìyá wa fún un lómi, wọ́n yìn ín, wọ́n ṣàdúrà fún un, wọn ò yí ohùn wọn padà. Wọ́n wá nawọ́ sí mi. "Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ nìyí, wọ́n jọ mu ọmú kan náà ni. Tó bá jẹ́ irú èyí ló gbé e, ta ló máa bínú?"

Àwàdà ni wọ́n fi ṣe. Ṣùgbọ́n Àǹtí yíjú, ó ń wo apá mi.

"Irú àpò wo lò ń gbé ní iléeṣẹ́ yín?"

"Àǹtí, mi ò mọ ijó jó."

"Ta ló ní kó o jó? Afẹ́fẹ́ ni ẹ́. Wàá rìn wọlé, wàá gbé e, wàá rọra gbé e kalẹ̀, wàá jáde."

Bí èmi tí mo ń fẹ̀sùn kan gbogbo èèyàn pé mọ̀lẹ́bí ni wọ́n ń fi dé orí ìtàgé ṣe dé ibẹ̀ nìyẹn. Mo fura sí Àǹtí náà. Bí àwọn ará iléeṣẹ́ wa ṣe gbọ́ ni wọ́n ń du tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ní àbí ohun tí Àǹtí ń wá nìyẹn.

Ọ̀dọ́kùnrin yẹn ni wọ́n ní kó kọ́ mi. Ó kọ́ mi dáadáa, ìyẹn ló dùn mí jù. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tẹ orúnkún yín. Ẹ jẹ́ kó fò kẹ́ ẹ tó gbé e. Ẹ má já a gbà." Lọ́jọ́ kan tá a jókòó tá à ń mu omi inú ọ̀rá, ó bi mí láìwo ojú mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló fi fídíò yẹn han Màámi?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ gbogbo ijó yìí lórí. Ẹ ò mọ̀ pé wọ́n máa rí ọwọ́ mi?"

Mo ti rò ó títí. Mo lè fi Kùránì búra pé mi ò pète ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí n búra pé inú mi ò dùn nígbà tí Àǹtí ń wo apá mi, mi ò ní lè búra. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Sátidé tèmi tẹ́lẹ̀, ti àga ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mo fún ọ̀dọ́kùnrin yẹn. Ó ká a sínú àpò, kò dúpẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo rí i látorí ìtàgé. Ó káwọ́ gbera lórí àga mi, ó ń wò mí bí èmi náà ṣe máa ń wo àwọn èèyàn. Ìyá wa wà lẹ́yìn pátápátá. Mo gbé àbúrò mi lẹ́ẹ̀kíní, ó lọ sókè, ó bọ̀ wálẹ̀, mo mí. Lẹ́ẹ̀kejì, ó sáré wá, ó fò, apá mi sì ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe: mo já a gbà, mo fẹ́ gbé e kọ́ èjìká bí àpò.

"Bọ̀dá, èjìká kọ́!" Ó sọ ọ́ láàárín eyín.

Ẹnì kan láti iléeṣẹ́ wa pariwo, "Lódà! Rọra o, ẹrù oníyebíye ni!" Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Mo gbé e kalẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀. Ó jó o parí. Nígbà tó bọ́ sílẹ̀, ìhà ẹ̀ ti wú. Ó ní kò dun òun. Kò mọ irọ́ pa.

Ọ̀dọ́kùnrin yẹn bá mi lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣe é dáadáa."

"Mo mọ̀."

"Ọ̀la ṣì wà."

"Ṣé èmi ni mò ń dá ẹ dúró ni?"

"Ẹ̀yin lẹ gbé fídíò lọ bá Màámi. Ẹ gbé èyí náà lọ bá wọn." Ó bọ́ sọ́nà tiẹ̀.

Nígbà tí ìyá wa kí ìrun àsùbáà tán lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní wọn. Mo ní tí mo bá tún gbé e lónìí, mo lè ṣẹ́ ẹ léegun. Mo ní ẹni tó mọ̀ ọ́n gbé wà ńbẹ̀, èmi ni mo gba ipò ẹ̀.

"Ṣé ibi tí mo rí nínú fóònù yẹn náà ló máa dì mú?"

"Ibẹ̀ náà ni, Màámi. Kò síbòmíì."

Wọ́n ń ka tẹ̀sùbáà wọn, èmi ń wo ẹní. Mo rò pé ó ti parí. Wọ́n wá dìde, wọ́n ṣí àpótí aṣọ, wọ́n mú ọ̀já pupa kan jáde, èyí tí wọ́n fi pọn wá. Ó nípọn, ó gùn.

"Ẹ wé e mọ́ ọn níbàdí yípo-yípo. Aṣọ ni kó dì mú. Wọlahi, tí ọwọ́ ẹ̀ bá kọjá aṣọ, màá gun orí pákó yẹn wá bá yín."

Aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni Ìyẹ́ ń wọ̀. Nígbà tí Àǹtí wé ọ̀já pupa yẹn mọ́ àbúrò mi, ojú mi ò gbà á, gbogbo ìdúró ẹ̀ bàjẹ́. Ó ń ṣe mí bíi kí n sọ ọ́. Mo pa ẹnu mi mọ́.

Mi ò ní tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ náà, àga ẹ̀gbẹ́ ògiri sì ti lọ. Àǹtí fà mí lọ́wọ́ lọ síwájú, ó já ìwé kúrò lẹ́yìn àga kan. "Ẹni tó ni ín ò ní wá. Jókòó." Mo jókòó. Mo ń gbọ́ ìkùnsínú lẹ́yìn mi.

Ìtàgé ga bó ṣe máa ń ga. Orí àbúrò mi ni mò ń rí, àti àyà ẹ̀, àti ọ̀já yẹn tó ń tàn yanran. Obìnrin ẹ̀yìn mi sọ fún ẹnìkejì ẹ̀ pé, "Wo ohun tí wọ́n wé mọ́ èyí. Tí kò bá mọ ẹnì kan níbẹ̀, ṣé wọ́n á jẹ́ kó wọ irú ẹ̀ jáde ni?"

Mo bojú wẹ̀yìn. "Àbúrò mi ni."

"Ẹ ò rí i!" ló sọ fún ẹnìkejì ẹ̀. "Mo wí bẹ́ẹ̀ àbí mi ò wí?"

Mo yíjú padà síwájú. Ọ̀dọ́kùnrin yẹn ti tẹ orúnkún. Àbúrò mi sáré wá, ó fò. Mo mọ̀ pé ọwọ́ ni ìyá wa ń wò lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ọwọ́ náà wọ inú ọ̀já, kò yẹ̀, ó ń gbé e lọ sókè díẹ̀díẹ̀, títí ẹsẹ̀ àbúrò mi méjèèjì fi yọ sí mi lókè etí ìtàgé.