Ẹja Ìkòròdú Ni Mo Lọ Wọ̀n ní Ẹ̀pẹ́

Ọjọ́ tí mo máa gbèjà iṣẹ́ mástàsì mi níwájú àwọn ọ̀gá yunifásítì ti sún mọ́lé. Tí mo bá kọsẹ̀ níbẹ̀, ó di ọdún míì nìyẹn, àwọn ará ilé mi ò sì ní gbọ́ ọdún míì sétí. Àwa márùn-ún tá a jọ ń ka mástàsì máa ń pàdé ní Sátidé, ní pálọ̀ ẹnì kan nínú wa, lẹ́yìn ibùdókọ̀ Benson ní Ìkòròdú. Ẹni tí ọjọ́ ẹ̀ bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ máa dúró, àwọn yòókù á sọra wọn di ọ̀gá, wọ́n á máa da ìbéèrè bò ó. O ò gbọ́dọ̀ jókòó, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ gbà ẹ́ sílẹ̀.

Mo dúró. Mo ní ẹja epìyà inú ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ò kéré sí i báwọn èèyàn ṣe ń pariwo, mo ti fi rúlà wọ̀n wọ́n.

Ọ̀kan nínú wa, ọmọ Ìlàjẹ tí ìyá ẹ̀ ń ta ẹja ní Ìjẹ̀dẹ̀, gbójú sókè. "Ibo lo ti wọ̀n wọ́n?"

"Ọjà ẹja Ẹ̀pẹ́."

"Ọjà, àbí ọ̀sà?"

"Kí ni ìyàtọ̀?"

Ó wo fọ́tò orí fóònù mi. "Èyí tó sanra báyìí? Ẹja pọ́ǹdù nìyí, èyí tí wọ́n ń sìn. Ìkòròdú níbí ni wọ́n ti ń kó o lọ. O wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ wọn ẹja àdúgbò ẹ."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Orí mi gbóná. Mo ní ọmọ ẹlẹ́ja kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, mo gbé báàgì mi. Ẹ̀gbọ́n tó dàgbà jù nínú wa ò tiẹ̀ dìde. Ó ní, "Máa lọ. Àmọ́ àwọn ọ̀gá yẹn ò ní rẹ́rìn-ín o. Wọ́n á kàn dá ẹ padà sílé."

Mo gbé báàgì sílẹ̀, mo padà dúró, pẹ̀lú ìbínú.

Ọmọ Ìlàjẹ ní, "Túsìdé, mo máa mú ẹ lọ síbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gúnlẹ̀. Fi ẹnu ẹ sílé."

Gbogbo wa la lọ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Island nínú wa purọ́ àìsàn fún ọ̀gá ẹ̀. Ní Ẹ̀pẹ́, kí ẹja tó dé èbúté, ó ti di tàwọn ìyá tó ń rà á tà. Mo kàn nawọ́ sínú agbọ̀n, màmá kan gbá ọwọ́ mi dànù.

"Ta ló rán ẹ?"

Mo fẹ́ fèsì, ọmọ Ìlàjẹ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú. A máa bá yín ṣa ńlá kúrò lára kékeré bá a ṣe ń wọ̀n ọ́n."

"Ẹ ṣe wéré. Oòrùn ò mọ ọmọ yunifásítì."

Ẹ̀gbọ́n di rúlà mú, mo ń ṣà, àwọn yòókù ń kọ. Àwọn ẹja náà ò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Gbogbo ohun tí mo ti kọ wó lulẹ̀ níbẹ̀. A tún padà lọ títí ẹja tá a wọ̀n fi tó, a wá pín àtúnkọ iṣẹ́ náà láàárín ara wa.

Lọ́jọ́ tí mo gbèjà iṣẹ́ náà, ọ̀gá kan bi mí léèrè títí mo fi ń làágùn, mi ò jágbe mọ́ ọn. Wọ́n ní kí n jáde, wọ́n tún pè mí wọlé. Nígbà tí mo jáde lẹ́ẹ̀kejì, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lórí àtẹ̀gùn, mo jókòó tì wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Sọ̀rọ̀ o. Àbí wọ́n lé ẹ?"

"Mo yege."

"O yege, o sì fajú ro báyìí."