Ìbojú Eyín Tí Kò Padà Wá

Kòsálàfo la máa ń pè é níbi iṣẹ́, torí àlàfo tí kò tó fọ́nrán irun, ojú rẹ̀ á tó o. Ìbojú eyín ló ń ṣe, àwọn awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí dókítà ń lẹ̀ mọ́ iwájú eyín kí ẹ̀rín lè dán. Èmi ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mo ń po ẹfun, tí mo fi ń ṣe ẹ̀dà eyín tó ń lò. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ibi ìsìnkú ọkọ náà ni òun àti ọmọ kan ṣoṣo tó bí ti jà, ọmọ sì ní kó má wá òun mọ́ láé. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àwa yòókù á sáré lọ sílé. Òun á máa nu tábìlì tó ti mọ́.

Lọ́jọ́ kan, mo gbé ẹ̀dà eyín tuntun fún un. Dókítà ní kó fi oríṣi nǹkan mẹ́ta ṣe ìbojú rẹ̀, kó fi èyí tó bá eyín mu jù ránṣẹ́, kó sì dí èjí tó wà láàárín. Ó wò ó, ó jókòó.

"Ọmọ mi rèé. Ọ̀dọ̀ mi ló ti jogún èjí yìí. Eyín tó kán létí yìí, ìgò ló fi ẹnu ṣí."

Orí mi gbóná. Èjí tí ẹlòmíì ń sanwó kí wọ́n bá òun dá sẹ́nu ló fẹ́ dí! "Lọ dúró dè é lọ́dọ̀ dókítà."

"Ó ní kí n má wá òun. Àfi bó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá."

Ó ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ti ike, ti tánńganran, àti èyí tí ẹ̀rọ gbẹ́. Ó fi rọ́bà rírọ̀ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀dà eyín náà, ó ṣí i, ó sì gbé rọ́bà náà síwájú iná. Ibi tí rọ́bà bá ti nípọn, àlàfo ló wà níbẹ̀. Ti ike nípọn lẹ́bàá èrìgì. Ti ẹ̀rọ sàn díẹ̀. Ti tánńganran fẹ́lẹ́ débi tí mo fi rí ìka rẹ̀ lódì kejì.

Ẹni tí ìbojú rẹ̀ kò bá bá eyín mu, ọ̀dọ̀ wa ni dókítà máa ń rán an wá, kí Kòsálàfo fúnra rẹ̀ wò ó lẹ́nu. Mo rọra ti ti ike sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀nà kan ò wọjà. Fi èyí ránṣẹ́. Láìpẹ́, á kan ilẹ̀kùn yìí."

Ó di ike náà mú títí. Mo rò pé ó ti gbà.

"Oúnjẹ á máa há sábẹ́ ẹ̀," ló wí. "Eyín ọmọ mi á jẹrà." Ó di ti tánńganran sínú àpò. Ó fi í ránṣẹ́ sí dókítà.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, òun ló ń kọ́kọ́ dìde. Ẹlòmíì ni, nígbà gbogbo. Lánàá mo bi í bóyá kò dùn ún.

"Ó dùn mí dọ́kàn," ó wí. "Ṣùgbọ́n ìbojú náà bá eyín rẹ̀ mu."