Aago Bàbá Ládàánì

Bí ẹ bá wá ṣọ́ọ̀bù Àbúdù oníṣẹ́ aago ní Pòrógun, ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọdún 1984, ẹnu rẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ kí ẹ tó rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó mọ iṣẹ́, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Aago tí ó bá ti yẹ̀ wò tí ó ní kò sí nǹkan tó ṣe é, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ìyẹn gan-an ló kó o sí ìbànújẹ́.

Yẹ̀kínì, bàbá arúgbó tó ń pe ìrun ní mọ́sáláṣí àdúgbò, ló gbé aago tábìlì kan wá bá a níbẹ̀rẹ̀ oṣù ààwẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún ni Bàbá ti ń ṣe ládàánì, kò sì sí nǹkan mìíràn tí ó fi ń yangàn láyé. Ó ṣàlàyé pé láràárọ̀ lòun ń fi rédíò tún aago náà ṣe, pé láti àárọ̀ dalẹ́ kì í yẹ̀, àmọ́ bí òun bá fi máa sùn jí, á ti fi ìṣẹ́jú méjìlá sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìpè àsùbáà òun ti pẹ́, tí àwọn èèyàn ṣì ń jẹ sààrì nígbà tí àsìkò ti kọjá.

Àbúdù rẹ́rìn-ín. "Bàbá, aago kì í sùn. Ẹ̀yin lẹ ń sùn o."

Ó tú u, ó nù ún, ó kán òróró sí i, ó gbé e kalẹ̀ sórí pẹpẹ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò fi ìṣẹ́jú kan yẹ̀. Ó dá a padà. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ìpè tún pẹ́, ni Lèmọ́mù àti àwọn àgbà mọ́sáláṣí bá ránṣẹ́ pe Àbúdù, wọ́n bi í bóyá aago ló bàjẹ́. Kò fẹ́ kí iṣẹ́ òun lábùkù lójú èèyàn. Ó ní kò sí nǹkan kan tó ṣe aago. Bàbá wà níbẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò. Ọjọ́ náà ni wọ́n gba ìpè lọ́wọ́ rẹ̀, tí àdúgbò sì ń sọ pé oorun àgbà ti ń gbé e lọ.

Kí Iléyá tó dé, Bàbá kú.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, Ràmọ́tà ìyàwó rẹ̀, tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀ láti ìgbà tí ààwẹ̀ ti kù díẹ̀, ní kí Àbúdù wá bá òun ta aago náà. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìrọ̀rí, ó fa ohun kan tí wọ́n fi aṣọ wé yọ.

"Ìró rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí n sùn," ó ní. "Bí alẹ́ bá ti lẹ́, bàbá yín á wé e, wọ́n á tẹ́ ẹ dùbúlẹ̀ síbí, kí n lè rí oorun díẹ̀."

Àbúdù gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ́ ẹ dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó lọ sílé. Nígbà tí ó dé láàárọ̀, ìṣẹ́jú méjìlá ti lọ. Irin tín-ín-rín kan nínú rẹ̀ ló ti jẹ lẹ́nu. Bí aago bá wà ní òró, kì í hàn, àfi bí ó bá dùbúlẹ̀. Òró ló sì gbé e sí fún ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò bi Bàbá léèrè ibi tí aago ń sùn sí. Àbúdù sunkún.

Ó fẹ́ lọ là á mọ́lẹ̀ ní mọ́sáláṣí, àmọ́ ó rò ó pé bí òun bá sọ gbogbo rẹ̀, Ìyá á gbọ́ pé nítorí oorun òun ni ìpè ṣe bọ́ lọ́wọ́ ọkọ òun. Nígbà tí wọ́n kírun Jímọ́ọ̀ tán, ó dìde.

"Aago Bàbá Yẹ̀kínì bàjẹ́ lóòótọ́. Èmi ni mi ò rí i. Wọn ò sùn gbàgbé."

Láti ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀ ń gbé aago wọn lọ síbòmíràn. Kò bínú sí wọn. Ó tún irin náà ṣe, ó gbé aago lọ bá Ìyá, ó sì sọ fún un pé orúkọ Bàbá ti mọ́.

Ìyá béèrè pé, "Kí ló wá ń ṣe aago náà gan-an?"

"Ọwọ́ mi ni, Ìyá. Mi ò tún un ṣe dáadáa."

Ìyá ní kí ó má tà á mọ́, kí ó gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí òun. Oorun kò kúkú wá mọ́, kí òun ṣáà rí nǹkan máa gbọ́.