Ẹni Tó Gbọ́ Igbe Lọ́rì

Láyé lọ́rì onípákó, kò sí awakọ̀ tí kò mọ̀ mí ní Ṣakí. Ẹnu mi mú ju sípánà mi lọ. Bí ọkọ̀ bá ti ń bọ̀ lókèèrè, màá ti máa sọ ohun tó ń ṣe é kó tó dúró.

Ọjọ́ Ajé kan, bàbá àgbà kan tó máa ń fi lọ́rì kó iṣu gbé ọkọ̀ ẹ̀ wá. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ pa jíà dà ni nǹkan ń han lábẹ́ ẹ̀ bí ewúrẹ́ tí wọ́n fi okùn fà.

"Jíàbọ́ọ̀sì ni," ni mo wí. Mi ò tiẹ̀ tíì bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀.

Bàbá ní, "Iṣu ti wà nílẹ̀ dè mí l'Ófíkì. Ọjọ́bọ̀ ni mo fẹ́ lọ. Bó bá tún ké, Ìbàdàn ni mò ń gbé e lọ, màá sì sọ fún gbogbo gáréèjì pé ẹnu lásán lo ní."

Ibi tí bàbá yìí bá gbé ọkọ̀ lọ ni gbogbo awakọ̀ yòókù ń tẹ̀ lé e lọ.

Èmi àtàwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjì la sọ jíàbọ́ọ̀sì kalẹ̀. Mo wo eyín jíà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó kán. Mo pààrọ̀ ọ́ìlì, mo nu gbogbo ẹ̀ mọ́, títí kan béárìn kilọ́ọ̀ṣì tó wà níwájú ẹ̀, a sì dá a padà. Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, mo ṣáná sí ọkọ̀. Mo tẹ kilọ́ọ̀ṣì kí n lè fi ọkọ̀ sí jíà. Yéè! Ó tún han.

Ìyàwó mi gbé oúnjẹ dé. Òun ló ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ èlùbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Ó ti tó oṣù kan tó ti ń bẹ̀ mí kí n wá wo bẹ́lítì ẹ̀ tó fẹ́ já, tí mò ń sọ pé ó di ọ̀la. Ó dúró, ó dẹtí.

"Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ yẹn."

Mo gbẹ́sẹ̀. Igbe dákẹ́.

"Ẹ tún un tẹ̀."

Ó han.

"Ẹ ò rí i? Tí ẹ̀rọ tèmi bá ń ké, mo máa ń yọ bẹ́lítì ni. Bó bá dákẹ́, a jẹ́ pé ọlọ ló ń ké, ẹ́ńjìnnì kọ́. Ibi tẹ́ ẹ̀ ń tẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ lọ wò."

"Lọ máa lọ èlùbọ́ ẹ!" Mo jágbe mọ́ ọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó bá tiẹ̀ lọ.

Bó ti kẹ́yìn sí mi báyìí, mo tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà. Wálláì, òótọ́ ló sọ! Béárìn kilọ́ọ̀ṣì tó máa ń yí bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ ni, èyí tí mo fọwọ́ ara mi nù bí abọ́ ìjẹun! Ìdájí la tún sọ jíàbọ́ọ̀sì kalẹ̀, mo fi béárìn tuntun sí i.

Nígbà tí bàbá tẹ kilọ́ọ̀ṣì l'Ọ́jọ́bọ̀, kẹ́kẹ́ pa mọ́ lọ́rì lẹ́nu.

"Alihamudulilai! Ta ló kọ́ ọ ní gbígbọ́ báyìí?"

Ìyàwó mi ti gbé oúnjẹ dé, ó dúró, ó ń wò mí. Irọ́ ti dé ètè mi. Ojú tì mí, mo gbé e mì.

"Ìyàwó mi ni, bàbá. Òun ló gbọ́ ọ."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, yẹ̀yẹ́ ẹ ti pọ̀ jù!" Ó wakọ̀ lọ, ó sì ń ròyìn etí mi kiri títí dé Ìsẹ́yìn.

Ìyàwó mi gbé abọ́ kalẹ̀. "Ọ̀gá elétí, ẹ jẹun. Bẹ́lítì mi já láàárọ̀ yìí."

Mi ò ṣí abọ́. Sípánà ni mo mú, mo tẹ̀ lé e.