Fáìlì Àjọlò àti Ohùn Bàbá Wa

Nígbà tí àbúrò mi gbéyàwó, ó kó kúrò nílé wa ní àdúgbò Koira Kano lọ sí àdúgbò Bobiel. Nílé wa, ẹni tó bá ń kó jáde kì í fi ẹrù kankan sílẹ̀. Ìyá wa gbà pé ẹni tó bá fi ẹrù sílẹ̀ ti ń múra àtipadà. Àbúrò mi gbá yàrá rẹ̀, ó tú àwọ̀n ẹ̀fọn, kódà ó yọ ìṣó tó fi ń kọ́ ṣòkòtò. Lẹ́yìn náà ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tí gbogbo wa jọ ń lò, ó sì pa eré bọ́ọ̀lù rẹ̀ rẹ́ kúrò níbẹ̀.

Inú kọ̀ǹpútà yẹn ni ohùn bàbá wa wà. Aṣọ ni bàbá ń tà ní ọjà Petit Marché. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó ṣàdúrà fún wa, mo sì fi ètò ìgbohùnsílẹ̀ àtijọ́ kan nínú kọ̀ǹpútà gbà á sílẹ̀. Ètò yẹn nìkan ló lè ṣí i. Láti ìgbà tí bàbá ti kú, gbogbo Jímọ̀ ni màmá máa ń tẹ́ ẹní síwájú kọ̀ǹpútà, tí á ní kí n jẹ́ kí òun gbọ́ ọkọ òun.

Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, kò ṣí. Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ ní Faransé pé fáìlì kan sọnù.

"Kí ló wí?" màmá bi mí.

"Ó ní nǹkan kan sọnù, màmá."

"Ohùn bàbá yín ni?"

Mo ní rárá. Kò gbà mí gbọ́.

Mo pe àbúrò mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí mo ṣe ń pa eré mi rẹ́, kọ̀ǹpútà bi mí pé fíṣíẹ̀ kan, fáìlì kan, wà tó jẹ́ àjọlò àwọn ètò, pé ó jọ pé ẹnikẹ́ni ò lò ó mọ́, ṣé kí òun pa á rẹ́. Mo ní wúì, bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò fẹ́ fi pàǹtírí sílẹ̀ fún yín."

Inú bí mi gan-an. Ọlọ ata agbo ilé ló gbé lọ yẹn. Ata wà, ẹran wà, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ò ní ṣeé sè. Ohùn bàbá ò kúrò níbẹ̀. Ohun tí ètò náà fi ń ṣí i ni kò sí mọ́.

Ìtìjú ò jẹ́ kí àbúrò mi sinmi. Ó lọ wá fáìlì náà nìkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó gbé e wá, a fi í sáyè rẹ̀. Kọ̀ǹpútà yí ohùn padà: fáìlì ti wà, ṣùgbọ́n ó ti bàjẹ́. Mo ní ká yé fi ọlọ ọlọ́lọ lọ ata, odindi ètò náà ló yẹ ká tún gbé wọlé. Ètò àtijọ́ ni, kò sí lọ́jà mọ́. Ẹni tó ní díìsìkì rẹ̀ ti lọ sí Cotonou, a sì ń retí rẹ̀.

Màmá ṣì ń tẹ́ ẹní rẹ̀ ní Jímọ̀. Á jókòó, á máa wo ojú kọ̀ǹpútà tó ṣókùnkùn. Nígbà tó yá, kò bi mí ní nǹkan kan mọ́, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á, kí díìsìkì tó dé.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀, èmi àti àbúrò mi gbé ètò náà wọlé. Ó ṣí wẹ́rẹ́. Bàbá wúkọ́, bó ṣe máa ń wúkọ́, ó ní:

"Ọlọ́run á bá mi dá ìyá yín sí fún yín. Á pẹ́ lọ́dọ̀ yín. Ẹ ṣe àmín."

A kì í dákẹ́ sí àdúrà bàbá ẹni. Àwa méjèèjì dákẹ́.