Òdo Tí Wọ́n Kọ Síwájú Ikú Ṣèyíọlá

Ṣèyíọlá Ògúnwálé kú ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kejì, ní ilé ìwòsàn kan ní Benin níbí. Ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì ni. Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kan náà, iléeṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ fi ìròyìn wọn ránṣẹ́ sí Àbújá àti sí àwọn tó ń gbọ́ bùkátà ètò ìlera wọn láti òkè òkun. Ìlà kan wà nínú ìròyìn náà fún òṣìṣẹ́ ìlera tí àìsàn pa lẹ́nu iṣẹ́. Òdo ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ẹ̀dà ìròyìn náà wà lọ́wọ́ mi. N kò ní í sọ bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ mi. Mo kọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, mo sì ti pẹ́ nídìí àkọsílẹ̀ tó láti mọ̀ pé nọ́ńbà kì í ṣèèṣì já bọ́ sínú ìwé. Ẹnì kan ló ń kọ ọ́ síbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àwọn ará ìjọ wa ní Ekenwan Road rò pé nọ́ọ̀sì ni Ṣèyíọlá. Kò fún ẹnikẹ́ni ní abẹ́rẹ́ rí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó gba iye àwọn aláìsàn lọ́dọ̀ ilé ìwòsàn alábọ́dé mẹ́tàlélógójì, kí ó tò wọ́n sórí àtẹ, kí ó yẹ̀ wọ́n wò, kí ó sì sọ fún àwọn tó ní oògùn àti mọ́tò pé ibí yìí ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, yóò pe àwọn nọ́ọ̀sì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Yóò kọ́kọ́ kí wọn ní èdè Ẹ̀dó, “Kóyo,” yóò béèrè àwọn ọmọ wọn lórúkọ, kí ó tó béèrè iye ènìyàn tí ibà dá dúbúlẹ̀. Wọ́n máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀ ló ṣe ń sọ Ẹ̀dó. Ṣùgbọ́n wọ́n ń dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àṣà kan tó wà ní iléeṣẹ́ náà ní Uwasota, àṣà tí kò sí nínú ìwé òfin wọn, tí gbogbo wọn sì mọ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni àtẹ náà ń lọ. Ilé ìwòsàn tí kò bá fèsì, àyè tirẹ̀ yóò di pupa lójú kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ń wo àtẹ náà lókè òkun kò fẹ́ràn pupa. Nítorí náà, wọn a tẹ òdo síbẹ̀, a sì di àwọ̀ ewé. Ẹ wo bí ìwòsàn ti rọrùn tó! Ìka kan ṣoṣo, gbogbo abúlé ti gbádùn.

Ṣèyíọlá kì í tẹ òdo náà. Ó máa ń fi àyè náà sílẹ̀ ní pupa. Olúyẹmí, tí wọ́n jọ ń jókòó, sọ ọ́ ní Ìyá Pupa. Ó fún un lésì lọ́jọ́ kan, Olúyẹmí fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi: “Ẹni tí kò dáhùn kò sọ pé kò sí ohun tó ń ṣe òun.”

Ní oṣù Kìíní, nọ́ọ̀sì kan tí ń jẹ́ Itohan, tó ń dá ṣiṣẹ́ ní abúlé kan lẹ́yìn Ekiadolor, kò gbé ìpè mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ni Ṣèyíọlá fi àyè abúlé náà sílẹ̀ ní pupa, lẹ́ẹ̀mejèèjì ni ẹnì kan sì yí i padà sí òdo lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó béèrè mọ́tò. Wọ́n ní àlejò ni mọ́tò ń dúró dè. Ó wọ ọkọ̀ èrò.

Ó bá Itohan lórí ẹní ní yàrá ẹ̀yìn, ẹ̀jẹ̀ ń sun ní èrìgì rẹ̀, omi kò sí nítòsí rẹ̀. Ó wá ìbọ̀wọ́. Páálí ìbọ̀wọ́ ṣófo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lórí àtẹ, ó kún. Ó fi ọwọ́ lásán gbé e dìde, ó fún un lómi mu, ó háyà mọ́tò, ó sì gbé e lé itan títí wọ́n fi dé Benin. Ibà Lassa ni àyẹ̀wò fi hàn lára Itohan. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó yè. Òun fúnra rẹ̀ ló rọ́ gbogbo èyí fún mi, ó sì ní òun ṣe tán láti tún un rọ́ níwájú ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá lẹ́yìn ìrìn-àjò náà, ara Ṣèyíọlá gbóná. Ibà ẹ̀fọn ni wọ́n ń wò fún un fún ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ẹnì kan tó rántí gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Èsì àyẹ̀wò náà ńkọ́? Ilé ìwòsàn sọ fún Bọ́lájí, ọkọ rẹ̀, pé àwọn ti fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́. Iléeṣẹ́ ní kò tẹ àwọn lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹta yìí kan náà ni àwọn àlejò òkè òkun ń bọ̀ wá wo bí ètò náà ṣe ń lọ. N kò sọ pé ìdí nìyẹn. Ọjọ́ ni mo kàn ń tò tẹ̀lé ara wọn.

Ní ìsìn ìsìnkú rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Olúmidé, ọ̀gá iléeṣẹ́ náà, pè é ní akọni, ó sì nu ojú. Nígbà tí mo rí ìròyìn wọn, mo lọ bá a ní Uwasota. Ó fún mi ní àga, ó sì bọ̀wọ̀ fún mi.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “tí a bá kọ ọ́ pé iṣẹ́ ló pa á, wọn á béèrè ẹni tó rán an. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ sí ìrìn-àjò yẹn.”

Mo bi í bóyá àìsàn náà béèrè ìwé àṣẹ kí ó tó ràn án.

“Àtẹ la ní kó máa ṣe. A ò ní kó máa gbé aláìsàn.”

Ẹni tí wọ́n pè ní akọni níwájú pósí, ó wá di arìnrìn-àjò tí kò gbàṣẹ. Èwo nínú méjèèjì ni kí a sọ fún ọmọ rẹ̀?

Nítorí ọmọ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn onímọ̀ ìlera sọ pé ẹni tó bá fara kan aláìsàn Lassa, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Bọ́lájí ló ń nu èébì rẹ̀. Fọlákẹ́ àti Gbéminíyì nínú ìjọ wa ló wẹ òkú rẹ̀. Morọ́láyọ̀, ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lálẹ́ mẹ́ta tó lò kẹ́yìn nílé. Ẹnikẹ́ni kò wá wò wọ́n. Ta ni yóò tẹ̀lé ipasẹ̀ òdo?

Bọ́lájí ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ooru ara ní kẹ́míìsì. Láràárọ̀, ó ń fi sí abíyá ọmọ náà. Mo wà níbẹ̀ lánàá. Bàbá rẹ̀ bá a sọ Yorùbá, òun sì dáhùn gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ wa níbí ṣe ń dáhùn: “Daddy, I don tire for this thing.” Bàbá rẹ̀ yíjú sí mi. “Ẹ̀gbọ́n, bí ara ọmọ yìí bá gbóná lọ́la, tí mo gbé e lọ, wọ́n á ní ta ló kó o ràn án.”

Òní ni ọjọ́ kẹrìndínlógún tí ó ti kú. Ó ku márùn-ún. Kí àwọn tó ń bójú tó ìlera ní ìpínlẹ̀ yìí má ṣe dúró de ọjọ́ Ẹtì. Kí wọ́n rán onímọ̀ lọ sí ilé Bọ́lájí ní ẹ̀yìn báráàkì, àti sọ́dọ̀ àwọn obìnrin méjì náà, lónìí. Kí ilé ìwòsàn fi ìwé tí wọ́n fi fi èsì náà ránṣẹ́ hàn, kí a rí ẹni tó gbà á. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ṣí kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ náà, nítorí kọ̀ǹpútà ń pa orúkọ ẹni tó tẹ nọ́ńbà mọ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Kí wọ́n ka orúkọ náà síta. Kí ẹni tó ń jẹ́ ẹ wá jókòó síwájú Morọ́láyọ̀, kí ó sì ṣàlàyé fún un bí òun ṣe ka ìyá rẹ̀ tó fi jẹ́ òdo.